Dopamine Kì í Ṣe Adùn: A Tún Ìwé Awakenings Kà

Níbi ìpàdé kan lẹ́nu iṣẹ́ wa, ẹnì kan dúró síwájú bọ́ọ̀dù, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká fún àwọn tó ń lo áàpù wa ní dopamine sí i." Gbogbo wa mi orí. Kò sẹ́ni tó béèrè pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ohun tó ń sọ ti yé wa: àmì pupa kékeré tó máa ń jókòó sórí áàpù, nọ́ńbà tó ń gòkè, ìró tó ń dún lábẹ́ ìrọ̀rí lóru. Àwa náà la kọ kóòdù rẹ̀. Ó sì ṣiṣẹ́, ká má purọ́.

Lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, a pe ẹ̀gbọ́n bàbá wa n'Ìbàdàn láti kí wọn. Iṣẹ́ télọ̀ ni wọ́n ṣe títí ọwọ́ wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Títí dòní, Bàbá Télọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Ìyá wa, ìyàwó wọn, ló gbé fóònù. Wọ́n ní ká ní sùúrù díẹ̀, pé Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oògùn ni, oògùn náà ò tíì ṣiṣẹ́, wọn ò tíì lè de bọ́tìnnì ẹ̀wù wọn. Oògùn ọ̀hún ni levodopa. Tó bá dé inú ọpọlọ, dopamine ló máa ń dà.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni o. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, dopamine ni ṣúgà tí a fi ń fa ojú èèyàn mọ́ra. Nílé wa, òun ni àgbàlagbà kan nílò kí wọ́n tó lè múra. Tó bá jẹ́ pé adùn ni lóòótọ́, kí ni adùn ń wá lójú ihò bọ́tìnnì?

Ìbéèrè yìí ló gbé wa padà sídìí ìwé kan tí a ti kà nígbà tí a wà ní yunifásítì, tí a kàn sáré ṣí kọjá: Awakenings, èyí tí dókítà Oliver Sacks kọ, tó jáde ní 1973. Lọ́tẹ̀ yìí, a fara balẹ̀ kà á. Ìwé náà ti lé ní àádọ́ta ọdún, síbẹ̀ ó mọ ohun kan nípa dopamine tí ọ̀pọ̀ fídíò ìṣẹ́jú kan tí à ń wò lónìí kò mọ̀. Ó sì ní àléébù tirẹ̀, tí a ò ní bò mọ́lẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá mọ ìtàn náà: láti nǹkan bí 1916 títí dé nǹkan bí 1927, àìsàn kan jà káàkiri ayé tí wọ́n ń pè ní encephalitis lethargica. Àìsàn oorun ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí eṣinṣin tsetse ń fà. Constantin von Economo, dókítà kan ní Vienna, ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1917. Ọ̀pọ̀ èèyàn kú. Nínú àwọn tó yè, àwọn kan wà tó jẹ́ pé lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í le. Wọ́n á jókòó sójú kan láti àárọ̀ dalẹ́, wọn ò ní sọ̀rọ̀, wọn ò ní yíjú, àfi bí ère. Nígbà tí Sacks dé ilé ìwòsàn Beth Abraham ní Bronx, ní New York, ní 1966, ó bá ọ̀pọ̀ wọn níbẹ̀. Nínú ìwé, ó sọ ilé ìwòsàn náà ní Mount Carmel. Ní 1969, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní L-DOPA, orúkọ mìíràn fún levodopa tí Bàbá Télọ̀ ń lò. Àwọn ère dìde. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n rìn, wọ́n kọrin.

Fíìmù tí wọ́n fi ìwé yìí ṣe ní 1990, èyí tí Penny Marshall darí, tí Robert De Niro àti Robin Williams ṣe, dúró lórí ìtàn yẹn: wọ́n sùn, wọ́n jí, wọ́n tún sùn. Fíìmù náà dára, ó pa wá lẹ́kún. Ó tilẹ̀ fi hàn bí ara Leonard ṣe ń já ara rẹ̀ gbà nígbà tó yá. Ṣùgbọ́n ohun tó kù sọ́kàn ẹni tó wò ó tán ni pé dopamine dà bíi bọ́tìnnì iná: tẹ̀ ẹ́, èèyàn á jí, pa á, èèyàn á sùn. Bí ọ̀rọ̀ ìpàdé wa náà ṣe rí nìyẹn.

Ìwé náà kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Leonard L. Láti kékeré ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń le, ṣùgbọ́n ó ka ìwé débi pé ó lọ sí Harvard. Nígbà tí Sacks bá a pàdé, bọ́ọ̀dù lẹ́tà kékeré kan ló fi ń sọ̀rọ̀, ó ń tọ́ka sí i ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. L-DOPA kọ́kọ́ fún un ní ayọ̀ tó kún. Lẹ́yìn náà, oògùn kan náà, lọ́wọ́ dókítà kan náà, fún un ní ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ tí kò ní ìdákẹ́, èrò tó ń sáré, ara tó ń jà. Láàárín rúkèrúdò yẹn ló jókòó tẹ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀, èyí tí Sacks ní ó tó 50,000 ọ̀rọ̀. Ẹ wo Hester Y., tó ń sáré sọ̀rọ̀ débi pé etí ò lè bá a, tí á sì dì lójijì bí fídíò tí dátà tán lórí rẹ̀. Ẹ wo Rose R., tó ṣàìsàn ní 1926, tó jí ní 1969, tó ń sọ̀rọ̀ àwọn èèyàn 1926 bíi pé àná ni. Ó mọ̀ pé ọdún ti lọ. Ó mọ ọjọ́ orí ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú 1926 ló ti ń gbé. Láìpẹ́, ó tún dì padà, oògùn náà ò sì gbé e dìde bíi ti àkọ́kọ́ mọ́.

Àwa tí à ń kọ kóòdù, ohun tí a fẹ́ ni pé kí dopamine jẹ́ nọ́ńbà: tó bá kéré, fi kún un, tó bá pọ̀, dín in kù. Sacks náà kọ́kọ́ fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ń wá iye oògùn tó tọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì rí i pé iye tó mú aláìsàn kan dìde lónìí lè sọ ọ́ di ère lọ́la. Nínú àfikún kan tó kọ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó lọ yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò tó ń kọ́ nípa chaos, ìyẹn ìdàrúdàpọ̀ tó ní òfin tirẹ̀, níbi tí ohun kékeré ti lè yí gbogbo nǹkan padà. Ní 1973, ẹ̀rọ fMRI tó ń fi ọpọlọ hàn bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò tíì dé. Ojú àti etí nìkan ló ní. Ó wo àwọn èèyàn fún ìgbà pípẹ́, ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀ kódà nígbà tí kò bá ohun tó fẹ́ mu. Ohun tó jẹ́ kí ìwé náà ṣì lágbára lónìí nìyẹn.

Kí ló wá dé tí dopamine ò fi ṣe é kà bíi nọ́ńbà? Ọpọlọ èèyàn ní sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ọ̀rọ̀ kiri tó tó bílíọ̀nù 86. Àwọn tó ń ṣe dopamine nínú wọn kò pé mílíọ̀nù kan. Ìsàlẹ̀ ọpọlọ láàárín ni ọ̀pọ̀ wọn wà, níbi tí wọ́n ń pè ní substantia nigra nítorí pé ó dúdú, àti ládùúgbò rẹ̀. Wọ́n kéré níye, ṣùgbọ́n ẹyọ kan nínú wọn lè ní ẹ̀ka tó dé ibi tó ju 100,000 lọ. Ẹni tí ohùn rẹ̀ ń dé odindi ìlú lẹ́ẹ̀kan náà ò lè máa sọ fún Làmídì pé gbé apá, kó máa sọ fún Ṣadé pé rẹ́rìn-ín. Ohun tó lè ṣe ni pé kó yí bí àwọn ará ìlú ṣe ń gbọ́ ara wọn padà: ohùn ta ni kó ròkè, ohùn ta ni kó rẹlẹ̀, ta ni kó bá ta ni ṣe pọ̀. Nínú striatum, ọ̀nà kan wà tó ń sọ pé "lọ," òmíràn wà tó ń sọ pé "dúró." Dopamine máa ń gbé ti àkọ́kọ́ sókè, á sì rọ ti èkejì sílẹ̀. Níwájú orí, níbi tí a ti ń di èrò mú, èyí tó kéré jù ń da iṣẹ́ rú, èyí tó pọ̀ jù náà ń dà á rú.

Ẹ ro ẹgbẹ́ onídùndún. Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, kẹríkẹrì àti ìsáájú di tiwọn mú, gúdúgúdú ń ta tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nítorí pé kálukú ń lu ohun ọ̀tọ̀, tí wọ́n sì ń gbọ́ ara wọn, ni onijó fi rí ibi gbé ẹsẹ̀ lé. Tí gbogbo wọn bá ń lu ohun kan náà, gbàm-gbàm-gbàm, láìdáwọ́ dúró, ariwo á pọ̀, ijó á sọnù. Ohun tó jọ èyí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ ẹni tó ní àìsàn Parkinson. Bí dopamine ṣe ń gbẹ, ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì nísàlẹ̀ ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í lù pọ̀, bí ìgbà 13 sí 30 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Beta ni wọ́n ń pe ìlù yẹn. Àwọn dókítà tó ti fi wáyà tín-ín-rín sínú ọpọlọ aláìsàn ti gbọ́ ọ, wọ́n sì ti rí i pé tí levodopa bá wọlé, ìlù náà á rọ̀, ara á sì tú. Ẹni tó dì gbagidi lójú wa, ọpọlọ rẹ̀ lè máa pariwo. Sacks ò ní ẹ̀rọ tó lè gbọ́ ìlù yẹn, ṣùgbọ́n ó ti kọ̀ láti pe àwọn èèyàn rẹ̀ ní òkúta. Ó ń kọ ọ́ léraléra pé nǹkan ń lọ nínú wọn.

Ibo wá ni ọ̀rọ̀ "adùn" ti wá? Ní 1954, James Olds àti Peter Milner ní yunifásítì McGill fi wáyà sínú ọpọlọ eku. Tí eku bá tẹ ọ̀pá kan, iná mànàmáná díẹ̀ á wọ ibì kan nínú ọpọlọ rẹ̀. Àwọn eku náà tẹ ọ̀pá yẹn títí. Àwọn èèyàn ní, áà, ibùdó adùn rèé! Nígbà tí wọ́n tún rí i pé ọ̀nà dopamine gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n Kent Berridge àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Michigan tún wo àwọn eku tí dopamine ọpọlọ wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Wọ́n kán omi ṣúgà sí wọn láhọ́n. Àwọn eku náà lá ètè wọn bí eku tí ara rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú wọn, wọn ò ní lọ jẹ ẹ́. Ebi lè pa wọ́n kú níbẹ̀. Adùn ṣì wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń rìn lọ bá adùn ló lọ.

Wolfram Schultz náà fi omi èso dán ọ̀bọ wò. Tí omi èso bá dé lójijì, àwọn sẹ́ẹ̀lì dopamine á ta jí. Tí ọ̀bọ bá ti wá mọ̀ pé iná kan máa ń tàn kí omi èso tó dé, iná yẹn ni wọ́n á máa ta jí fún. Tí omi èso fúnra rẹ̀ bá dé, wọn ò ní mira. Tí iná bá tàn tí omi èso ò dé, wọ́n á dákẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ní àkókò tó yẹ kó dé gan-an. Ní 1997, òun pẹ̀lú Peter Dayan àti Read Montague fi hàn pé èyí bá ìṣirò kan mu tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń lò láti kọ́ ẹ̀rọ lẹ́kọ̀ọ́. A ti kọ ìṣirò yẹn nínú ìdánwò nígbà kan. Kò sí adùn nínú rẹ̀ rárá. Ohun tó ń wọ̀n ni bí ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣe yàtọ̀ sí ohun tí a ń retí.

Apá kan nínú ìtàn dopamine kàn wá nílé. Ní 1957, Arvid Carlsson, onímọ̀ ará Sweden tó gba Ẹ̀bùn Nobel ní 2000, fún ehoro ní reserpine. Àwọn ehoro náà dì, etí wọn wọ́lẹ̀. Ó fún wọn ní L-DOPA, wọ́n ta jí. Reserpine yìí, inú igi Rauvolfia ló ti wá. Ti Íńdíà lókìkí jù, ṣùgbọ́n ẹ̀yà kan wà nílẹ̀ wa tí reserpine wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú: Rauvolfia vomitoria, tí àwọn àgbà ń pè ní asofẹ́yẹjẹ. Àwọn oníṣègùn Yorùbá ti ń fi wo wèrè kí ilé ìwòsàn òyìnbó tó dé. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ tó ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, kọ nípa rẹ̀ ní 1960. A ò ní sọ pé àwọn bàbá wa mọ dopamine. Wọn ò mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ewé kan wà tó ń mú ẹni tí orí rẹ̀ ń sáré rọlẹ̀. Ehoro Carlsson wá jẹ́ ká rí ìdí okùn náà lápá kejì: ohun tó ń mú sísáré rọlẹ̀, tó bá pọ̀ jù, á sọ ara di ère. Títí dòní, ọ̀pọ̀ oògùn wèrè tó ń dí ọ̀nà dopamine lè mú kí ara aláìsàn le bíi ti ẹni tó ní Parkinson.

Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni níí bá. Oògùn tí a jù sínú ọpọlọ nítorí ẹsẹ̀ lè ba ibòmíràn. Àwọn aláìsàn Parkinson kan wà tó jẹ́ pé oògùn tó jọ dopamine sọ wọ́n di atatẹ́tẹ́, tí wọ́n sì jáwọ́ nígbà tí dókítà dín in kù. Leonard L. ti fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ hàn wá ní 1969.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ àléébù ìwé náà. Sacks fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ńlá. Gíríìkì ń bẹ níbẹ̀, Látìn ń bẹ níbẹ̀, àlàyé ìsàlẹ̀ ojú ìwé a máa gùn débi pé èèyàn á gbàgbé ibi tó ti kúrò. Nígbà míì, aláìsàn á di àpèjúwe ogun tàbí ti ọ̀run, a ò sì ní rí ẹni náà mọ́. Èyí tó dùn wá jù ni ti ohùn. Gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa Rose R., ẹnu dókítà la ti gbọ́ ọ. Leonard kọ ìtàn ara rẹ̀, Sacks sì sọ fún wa pé ó gùn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a ò rí i kà nínú ìwé náà. Ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́ka sí lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan rí ọwọ́ kọ̀wé níkẹyìn, ẹlòmíràn ló tún ń bá a sọ̀rọ̀. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, ojú Sacks ò fo nǹkan kékeré. Ó rí i pé ẹni tó dì lè rìn tí ẹlòmíràn bá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó rí i pé orin lè tú Frances D. sílẹ̀, kí ó sì tún dì nígbà tí orin bá dákẹ́. A kà á, a sì rántí ilé.

Ojú Bàbá Télọ̀ kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn ọmọ-ọmọ ní Bàbá ń bínú sí àwọn. Àwa náà rò bẹ́ẹ̀, ká sọ tòótọ́. Nígbà tí a lọ kí wọn, a dá àpárá nípa oníbàárà wọn àtijọ́ kan tí kì í sanwó ìránṣọ àfi lọ́jọ́ ọdún. Ojú wọn ò mì. A ti fẹ́ yí ọ̀rọ̀ padà nígbà tí wọ́n fi ohùn kékeré sọ pé, "Ẹ ò rí i, ó pa mí lẹ́rìn-ín gan-an." Ẹ̀rín náà wà nínú wọn. Ọ̀nà tó máa gbà dé ojú ló bàjẹ́. Tí dopamine bá jẹ́ adùn, ó yẹ kí ẹni tí tirẹ̀ gbẹ má rí nǹkan gbádùn. Àwọn kan máa ń ní ìbànújẹ́ ọkàn nínú àìsàn yìí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Bàbá ń rẹ́rìn-ín lójú wa, àwa ni a ò mọ ibi tí a máa wò.

Ẹnu ọ̀nà yàrá ni ẹsẹ̀ wọn ti máa ń há. Wọ́n á dúró síbẹ̀, ẹsẹ̀ á lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọ-ọmọ wọn kan, ọmọ ọdún mọ́kànlá, mú ṣọ́ọ̀kì ìránṣọ wọn, ó fa ìlà mẹ́rin sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá wo ìlà, wọ́n gbé ẹsẹ̀ fò ó, ó di ìkejì, wọ́n wọlé. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní Parkinson lè rìn báyìí tí ojú wọn bá rí ìlà tàbí tí etí wọn bá gbọ́ ìlù, nítorí pé ọpọlọ ní ọ̀nà mìíràn tó lè gbà tí ti inú bá dí. Ṣọ́ọ̀kì ò fi dopamine kún nǹkan kan. Ó kàn fún àwọn onílù yòókù ní ohun tí wọ́n máa tẹ̀lé.

Ẹni tó sọ̀rọ̀ ní ìpàdé wa ò ṣìnà pátápátá. Àmì pupa náà ń kan dopamine lóòótọ́, nítorí pé a ṣe é kó má ṣe é sọ tẹ́lẹ̀: lónìí nǹkan wà níbẹ̀, lọ́la kò sí. Ṣùgbọ́n a ò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. À ń kọ́ ọpọlọ wọn ní ibi tó máa máa wò ni, nígbà tí ó yẹ kó wo ibòmíràn.

Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, a pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ nínú ètò iṣẹ́ tí gbogbo wa ń lò. Dípò "fún wọn ní dopamine," a kọ ọ́ pé: "Kí wọ́n lè máa ṣí áàpù yìí nígbà tí wọn ò ní ìdí láti ṣí i." Yàrá dákẹ́. Ẹni náà ní ó dà bíi pé à ń bú òun. A ní rárá o, iṣẹ́ gbogbo wa la ṣàpèjúwe, àwa la kọ kóòdù rẹ̀. Wọn ò yọ àmì pupa náà. Wọ́n gbà láti pa ìró rẹ̀ láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di òwúrọ̀.

Ní ti Bàbá Télọ̀, ìlà ṣọ́ọ̀kì yẹn máa ń parẹ́ tí wọ́n bá ti gbálẹ̀. Àràárọ̀ ni ọmọ náà ń tún un fà kó tó lọ sílé ìwé.